Irin Àárín Ayé àti Garawa Epo Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ayétòrò, bí a bá ti gbọ́ kọ, kọ, kọ lẹ́yìnkùlé wa láàárọ̀, a ti mọ̀ pé ìyá mi ti dé ìdí epo rẹ̀ nìyẹn. Epo pupa ló ń tà. Kò ní í ra garawa epo kan láìfi oríkèé ìka kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀, á dẹ etí sílẹ̀, á máa gbọ́. Ibi tí ìró bá ti yí padà, ó ti mọ̀ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó máa ń da omi mọ́ epo kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí ìjọba ológun wá ti bọ́dà pa, àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Àjàṣẹ́ ní òdì kejì bọ́dà kò lè kọjá mọ́. Garawa méje jókòó sílé wa bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí yóò lọ. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀kọ, èmi ni mo sì ń kiri rẹ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ìgbà yẹn: ẹ̀kọ láàárọ̀, láfún lálẹ́, ìrẹsì di oúnjẹ ọdún. Wọ́n á ti pe orúkọ tán kí n tó dé kíláàsì, pàṣán tíṣà sì mọ àtẹ́lẹwọ́ mi dáadáa.

Lọ́jọ́ kan tí mo tètè dé, tíṣà ya ayé sára pátákó, ó là á sí méjì bí ẹni la àgbọn. Ó ní nígbà ìwáṣẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbóná débi pé ó yọ́. Irin tó wúwo rì sí àárín, òkúta léfòó sókè. Títí dòní, ó ní, irin náà ṣì yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún nìkan ló le koko, àwọn ayé olókùúta yòókù tó ń yí oòrùn po sì ní irin nínú bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo délé, mo wo epo tó ti tòrò, mo ní ẹ jẹ́ n rí bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo dé ọmọrí garawa kan pinpin, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo yí i káàkiri àgbàlá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti ń sùn láti oṣù méjì jí.

Nígbà tí tíṣà wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orí ìkúnlẹ̀ tí ìyá mi fi mí sí ló bá mi, ọwọ́ lókè. Ó wá bèèrè ìdí tí mo fi ń pẹ́.

"Ẹ má dààmú mọ́, tíṣà," ni ìyá mi wí. "Kò ní í pẹ́ mọ́, nítorí kò ní í wá mọ́. Ilé ìwé tó ń kọ́ ọmọ láti yí epo, kí la fẹ́ fi ṣe? Kó dúró ràn mí lọ́wọ́."

Ẹ̀rù bà mí ju ti pàṣán lọ. Tíṣà jókòó, ó rọra ṣàlàyé ọ̀rọ̀ irin náà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín.

"Ta ló dé ibẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀, màmá. Bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìró rẹ̀ máa ń gba inú ayé kọjá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á máa gbọ́ ọ ní òdì kejì. Ibi tó bá ti yí padà, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀."

Ìyá mi nawọ́ sí garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn án láti òkè wá sísàlẹ̀.

"Báyìí?"

"Báyìí gan-an ni, màmá."

"Iṣẹ́ gidi nìyẹn," ló wí. Ó ní kí n dìde, kí n lọ fọ orúnkún mi. Láti ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń ru ẹ̀kọ kiri Ayétòrò títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà.

Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ mi ti ń wo inú ayé, pẹ̀lú àwọ̀ mèremère. Nígbà tí ìjọba tún ti bọ́dà pa láìpẹ́ yìí, ìrẹsì tó wọ́n nìkan ni wọ́n ráhùn sí. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀. Èmi náà di tíṣà jọ́gíráfì, oúnjẹ tí mò ń jẹ sì ti ibẹ̀ wá. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìyá tó bí mi. Níjọ́sí, àbíkẹ́yìn mi bi mí bóyá kò rẹ ìyá àgbà láti máa kiri ẹ̀kọ tó ti ń pọ́n láti ìdájí. Ìyá mi ti sùn tó ọdún mẹ́wàá. N kò bi í rí.