Lẹ́tà Tí Bàbá Mi Fi Àléébù Mi Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba PhD lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà ni "asisitáǹtì". Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Nígbà yẹn, tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Òmù-Àrán. Mo ti gba máàsítà nínú statistics, mo sì ń wá ibi tí mo ti máa ṣe PhD. Lọ́jọ́ kan, ní kafé kọ̀ǹpútà tí mo máa ń lọ, mo rí ímeèlì láti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbà mí! Wọn ò ní gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ mi, wọ́n á tún máa san owó oṣù fún mi. Iṣẹ́ tí mo máa ṣe ni kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, kí n sì máa máàkì ìwé wọn. Orúkọ iṣẹ́ náà ni asisitáǹtì.

Ohun kan ló kù: wọ́n fẹ́ lẹ́tà láti ọwọ́ tíṣà àgbà kan tó ti jókòó wò mí níbi tí mo ti ń kọ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún mi.

Mo sáré lọ sọ fún bàbá mi. Dípò kí inú wọn dùn, ńṣe ni ojú wọn korò. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bẹ̀rù jìbìtì ni. Rárá o! Ẹ rí i, tíṣà ni bàbá mi náà. Ní àsìkò òmìnira ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé-ìwé ìjọ, àmọ́ igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, ìyẹn asisitáǹtì, ni wọ́n jẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ló ń wá ṣe ọ̀gá lé wọn lórí.

"Mo ti ṣe asisitáǹtì tó fún gbogbo ìdílé yìí," ni wọ́n sọ fún mi. "Ìwọ ò ní í ṣe é."

Wọ́n ní àwọn á ta oko obì àwọn tó wà ní ìlú Bàbáńlá, kí n lè sanwó ara mi, kí n má ṣe ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tiẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo pé kó wá wo oko náà ní Sátidé. Oko tí wọ́n ń jẹ lórí ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì! Ṣé kí n wá torí ìwé sọ bàbá mi di aláìlóko?

Mo gbéra, ó di Ẹsìẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹsìẹ́. Wọ́n fetí sí mi dáadáa, wọ́n sì tẹ̀ lé mi padà wálé ní Jímọ̀, nígbà tó ku ọ̀la kí olùrà dé. Wọn ò jà rárá. Ìbéèrè ni wọ́n bi bàbá mi.

"Jósẹ́ẹ̀fù, nígbà tí ìjọ ní kó o máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láàárọ̀, kó o máa kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ́sàn-án, ta ló ń bọ́ ọ?"

Bàbá ní ìjọ ni.

"Ṣé ẹrú ìjọ wá ni ọ́ nígbà náà?"

Bàbá mi ní ìgbà yẹn gan-an ni àwọn gbádùn iṣẹ́ jù láyé àwọn. Ọkùnrin Àjàṣẹ́-Ìpo ò wá mọ́. Bàbá mi fúnra wọn ló ránṣẹ́ sí i.

Ó wá ku lẹ́tà. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò tíì wò mí ní kíláàsì rí, kò sì ní ráyè wò mí kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé. Mo kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ yunifásítì bóyá bàbá mi lè kọ ọ́. Ìyáàfin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà ní kò burú, bí wọ́n bá ṣáà ti sọ pé bàbá mi ni àwọn.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá mi wọ kóòtù, wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi. Mo gbé agbọ̀n obì kan sílẹ̀, pupa àti funfun ló wà nínú ẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ka gbogbo ẹ̀. Kí kálukú dijú, kó mú mẹ́wàá, ká fi ìyẹn mọ bí funfun ṣe pọ̀ tó nínú agbọ̀n. Àwọn ọmọ ń jiyàn, bàbá mi náà sì dìde wá mú tiwọn! Nígbà tá a wá ka gbogbo ẹ̀, a ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Mo ní statistics nìyẹn: ká fi díẹ̀ mọ púpọ̀.

Ẹ gbọ́ bí lẹ́tà tí wọ́n ní kí n lọ fi ránṣẹ́ ní kafé ṣe bẹ̀rẹ̀: "Bàbá rẹ̀ ni mí, nítorí náà àléébù rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ." Wọ́n ní mò ń yára sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn ọmọ iwájú nìkan ni mò ń bi ní ìbéèrè. Inú mi ti fẹ́ bàjẹ́, kí n tó dé ìparí: "Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, n kò mọ̀ pé èèyàn lè mọ ohun tó wà nínú agbọ̀n láìdà á sílẹ̀. Ọmọ yìí ló kọ́ mi."

Mo sunkún ní kafé o, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀hún, ìyáàfin yẹn sọ fún mi pé lẹ́tà ìyìn pọ̀ lọ́wọ́ òun, àmọ́ torí pé ti bàbá mi sọ àléébù mi, òun gba ìyókù gbọ́. Kíláàsì tèmi gan-an ni wọ́n fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe PhD, ẹ béèrè nípa iṣẹ́ asisitáǹtì kí ẹ tó ta ohunkóhun. Ẹ má sì bínú sí àgbà tó bá kọ̀. Ẹ wádìí ohun tó ń dùn ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí, báwo lẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ nílé? Ta ló kọ́kọ́ kọ̀, ta ló sì bá yín bẹ̀ ẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo ti jókòó tí mo ń dúró.