Ẹsẹ̀ Lásán Lórí Kílọ́ọ̀ṣì

Kò sí ọmọkùnrin tó mọ ọkọ̀ wà tó mi ní gbogbo Orozo. Kí n tó pàdé Mọ́mì ni mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi sẹ́kọ́ńdìrì sílẹ̀ láàárín, torí jíjókòó sójú kan ò bá mi lára mu, mo sì wa tákísì káàkiri Àbújá. Àmọ́ gbogbo ọkọ̀ tí mo wà, èyí tí gíá ẹ̀ ń yí ara ẹ̀ ni. Bí àwa ọmọ Àbújá ṣe rí nìyẹn. Ẹ gbé ọkọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì, tá a ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ká tó yí gíá, fún wa, a ó kàn máa wò ó.

Ilé iṣẹ́ kan ní Idu wá fẹ́ gba dírẹ́bà. Iṣẹ́ olówó oṣù, irú ẹ̀ gan-an ni mo ti ń wá. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà níbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì sì ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n bi mí lórí fóònù bóyá mo mọ̀ ọ́n wà. Mo ní ṣé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Wọ́n ní kí n wá dán an wò lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, màmá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní mínísírì, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é. Pijó àtijọ́ ni. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti ní kò gbọ́dọ̀ wà á mọ́, pé ojú ẹ̀ ò dáa tó. Mo lọ bá a.

"Mọ́mì, ẹ kọ́ mi ní kílọ́ọ̀ṣì, èmi náà á máa gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Gwarinpa."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ lò ń pariwo kiri pé kò sóhun tó ní táyà tó ò lè wà?"

"Èmi ni, mà. Ó ku eléyìí."

Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú ẹ̀ fi yọ̀ wá sórí imú. Ó ní, "Bọ́ bàtà ẹ."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Àṣé ẹsẹ̀ lásán lòun fúnra ẹ̀ fi ń wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ látijọ́, bàtà ẹ̀ á wà nínú nálọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń mọ̀gbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá di ọkọ̀ mú," ó ní. "Bàtà ò mọ nǹkan kan. Pa rédíò yẹn náà, jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì."

Òkè kan tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí lẹ́yìn ilé ẹ̀ la ti ń kọ́ ọ. Tí mo bá yára gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì jù, ọkọ̀ á wúkọ́, á kú, á sì máa yí padà sẹ́yìn. Tínú bá bí Mọ́mì, Èkìtì ló fi ń bú mi. Mi ò gbọ́ ìdajì, àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà.

"Rọra. Ta ló ń lé ẹ?"

"Mọ́mì, kò sí àsìkò."

"Kò sí àsìkò, o wá ń pa mọ́tò mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀, imú ọkọ̀ gbéra díẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo tú bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ dúró lórí òkè, kò yí padà sẹ́yìn. Mọ́mì kó ẹ̀pà jáde nínú báàgì, ó fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo dé Idu, mo ti bọ́ bàtà kí ọ̀gá àwọn dírẹ́bà tó gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ará Ìlọrin ni, Hausa ló ń fi lú Yorùbá. "Kai, bàtà ẹ dà? Ṣé oko bàbá ẹ nibí ni?"

Ó ju bàtà ilé iṣẹ́ fún mi, ó le bí igi. Àwọn tó kù tó wá dánwò ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dúró láàárín òkè tí wọ́n ti ń já ẹrù, kí n tún gbéra. Tírélà wà lẹ́yìn mi. Ẹni tó ṣáájú mi ti yí padà sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kó kọ lù ú.

Ẹsẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan lára nínú bàtà yẹn. Mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo yí gíláàsì wálẹ̀, mo tẹ́tí. Ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀. Mo wo imú ọkọ̀, ó gbéra. Mo tú bíréèkì ọwọ́, mo lọ.

"Yauwa, ó dáa," ọ̀gá ní. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Màmá àgbà kan ni, sà."

Ó rò pé mò ń fi òun ṣeré. Ó gbà mí ṣá.

Ní báyìí, èmi ni mo mọ akẹ́rù wà jù ní Idu, ẹ lè lọ bi wọ́n. Ọjọ́ Sunday, ti Mọ́mì ni, mo máa ń fi Pijó ẹ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í gbà láti jókòó sẹ́yìn, ó ní òun kì í ṣe ọ̀gá mi. Iwájú ló ń jókòó, bàtà ẹ̀ nínú nálọ́ọ̀nù lórí itan. Tá a bá dé ibi tó gòkè, mo máa ń rí i tí ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí kílọ́ọ̀ṣì kankan.

"Mọ́mì, èmi ni mò ń wà á o."

"Mo mọ̀. Máa wà á lọ."