Ìwé Aláwòrán Tí Mo Ṣe fún Àríkẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ó ń dùn mí lọ́kàn, mi ò sì lè dá a gbé mọ́.

Tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà'ba. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú àbúrò mi obìnrin lọ. Ọjọ́ náà gan-an la sin ín sẹ́yìnkùlé wa. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Àríkẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá ẹ̀ ní Òkè Padre nígbà náà. Kí wọ́n tó mú un dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ńtì lórí ibojì.

Màámi ní ká má sọ fún un o! Wọ́n ní ọmọdé kì í gbọ́ ikú ìyá ẹ̀, ká sọ pé Mẹ́kà ló lọ. Gbogbo agboolé gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bá Màámi jiyàn?

Àmọ́ ọmọ yẹn kì í sùn. Mo wá ní kí n ṣe ìwé aláwòrán fún un, nítorí mo máa ń ṣe é fún kíláàsì mi. Ẹ má wo ti àwòrán mi ṣá, ewúrẹ́ tí mo yà jọ ajá!

Ọgbọ́n ìwé ọmọdé ni pé kí ọ̀rọ̀ má pọ̀, kí ìlà kan sì máa padà wá títí ọmọ á fi mọ̀ ọ́n sórí. Nínú ìwé mi, ọmọbìnrin kan ń wá ìyá ẹ̀. Ó bi adìẹ, ó bi ewúrẹ́, ó bi ológbò. Gbogbo wọn ń dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀, ó ń bọ̀." Mo tún ya etí ìró ìyá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mi ò sì mẹ́nu bà á, kí ọmọ lè fojú ara ẹ̀ wá a rí. Nígbà tó máa parí, mo já gbólóhùn sí méjì: "Ilẹ̀kùn dún, ta ló..." Tó o bá ṣí i sójú ewé kejì, ìyá rèé, ó na ọwọ́ méjèèjì!

Ìwé náà ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ méjì ni Àríkẹ́ fi mọ̀ ọ́n sórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Èmi náà wá ń fẹ̀ láàárín àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo wá a títí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí i. Ó jókòó sórí ibojì ìyá ẹ̀, nítorí sìmẹ́ńtì yẹn tutù, ó ń bi àwọn adìẹ Màámi pé ìyá òun dà. Ó bi ewúrẹ́, ó bi ológbò, ó wá kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń dúró. Ilẹ̀kùn sì dún lóòótọ́! Ó fò dìde, ó na ọwọ́. Màámi ló jáde, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó tún jókòó. Ó ní òun ti bi gbogbo wọn, òun ò fo ìkankan, kí ló wá dé tí ìyá òun ò wọlé? Màámi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ń bọ́ lójú wọn. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Àríkẹ́, mo sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ti kú, kò lọ sí Mẹ́kà kankan, ibi tó jókòó sí yìí la sin ín sí.

 Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí ibojì náà, bí ẹni tí kò fẹ́ jí èèyàn lójú oorun. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó ya ìyá tó wọlé yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ̀wé fọ́mọdé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pìtàn fún wọn, ẹ fara balẹ̀ o. Ọmọdé ò mọ̀ pé ọgbọ́n la ń dá. Ìlà tá a tún sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti di ìlérí létí wọn. Gbogbo ilé wa la jọ pa irọ́ yẹn, àmọ́ èmi ló ya àwòrán sí i.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n parọ́ irú èyí fún yín rí nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré? Báwo lẹ ṣe dárí ji ẹni tó pa á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, torí Àríkẹ́ ò tíì dárí jì mí.