Àṣẹ Tí Ògbufọ̀ Kò Rántí

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ilé iṣẹ́ omi ń pè é, bẹ́ẹ̀ ìdajì wọn ò mọ yàrá tó ń jókòó sí. Ètò kan tí wọ́n sọ ní Ògbufọ̀ ló ń tọ́jú: tí èèyàn bá tẹ àṣẹ sí i, á túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì ṣe é.

Nígbà kan, àwọn méjì ni wọ́n wà níbẹ̀. Ẹnì kejì jù ú lọ díẹ̀, Àǹtí kì í sì í tẹ nǹkan kan láìkọ́kọ́ sọ ọ́ sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́ o."

"Dúró ná! Èwo nínú wọn?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ẹ̀gbọ́n fi fẹ̀yìn tì, tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí tẹ àṣẹ gígùn kan, Ògbufọ̀ sì kú fin-ín. Nígbà tó jí i padà, ó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tó ti tẹ̀ wò. Gbogbo wọn pé, àfi èyí tó pa á. Ògbufọ̀ kì í kọ àṣẹ sílẹ̀ àfi tó bá ṣe é tán, èyí kò sì rí i ṣe tán. Àǹtí fọwọ́ lẹ́rán. Kí ló tẹ̀ gan-an? Ó yíjú sí àga kejì láti béèrè, báàgì rẹ̀ ló bá lórí ẹ̀.

Ó bá jókòó, ó tún ètò náà kọ, kó lè máa kọ àṣẹ sílẹ̀ ná kó tó fọwọ́ kàn án. Ó wá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ àṣẹ burúkú kan. Ògbufọ̀ kú. Ó jí i. Àṣẹ burúkú náà wà níbẹ̀ kedere.

"Hẹn-ẹ́n!" ló ké.

Ó pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Ariwo ọmọdé gbabẹ̀ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti tún Ògbufọ̀ ṣe! Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó ṣe é."

"Ògbu kí ni? Áà, nǹkan yẹn! O ṣì wà nídìí ẹ̀? Jọ̀ọ́, màá pè ọ́ padà, ọmọ yìí fẹ́ já bọ́."

Ó ń retí ìpè náà títí àwọn akọ̀wé fi ń tilẹ̀kùn. Ọ̀gá yọjú.

"Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, sà. Ohun tó ń ṣe é ni pé…"

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ti kọjá lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó tì í béèrè bóyá iṣẹ́ dáa lónìí.

"A dúpẹ́," ló fèsì, ó sì kọjú sí fèrèsé.