Oòrùn Joju àti Àwo Orin Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi

Òórùn páálí tó ti pẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kọ́kọ́ pàdé mi lọ́jọ́ tí mo fa àwọn àwo orin màmá mi jáde nílé wa ní Joju ní Sango. Eruku ilé-iṣẹ́ tó máa ń bà lé gbogbo nǹkan ládùúgbò wa ti wọ inú ìlà wọn, ó ti dì síbẹ̀. Ọ̀kan ló jẹ mí lógún jù, èyí tí ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ti dolóògbé dá orin inú rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí a ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, màmá mi ò sì gbọ́ ọ láti ìgbà tí giramafóònù wa ti bàjẹ́. Mo ti wá rí àlòkù kan rà, ara mi ti wà lọ́nà.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo ń fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ yípo, n kò sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Bó ṣe ń dán ni inú mi ń dùn ṣìnkìn. Èmi náà mọ ara mi, n kì í mọ ibi tó yẹ kí n dúró. Bí a ṣe ń sá abọ́ ni mo ṣe gbé e ti ògiri nínú oòrùn, mo lọ kírun àìlà. Kí n tó dé, ó ti tẹ̀ bí ewé kókò.

Màmá mi jáde, ó wo àwo, ó wò mí.

"Ta ló sá ike sóòrùn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ṣé lásán ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ oníke ni? Oòrùn tó tẹ̀ ẹ́ náà ni yóò nà án. Gbé gíláàsì pẹlẹbẹ orí tábìlì wá, kí o yọ ti kọ́bọ́ọ̀dù kún un."

A fi gíláàsì méjèèjì há a láàárín, a gbé e padà sóòrùn títí ó fi rọ̀, a wá gbé e sábẹ́ òjìji, a gbé ọmọ ọlọ lé e lórí. N kò lè jókòó. Màmá mi ní kí n yé rìn kiri, pé eruku ni mò ń dà sí i. Ẹ̀yìn ìrun alásàárì la tó tú u.

Abẹ́rẹ́ giramafóònù kan ìlà, ó họ díẹ̀, ohùn bá jáde, ẹ̀gbọ́n màmá mi gan-an, bí ẹni pé ó wà ní pálọ̀. Mo fò sókè. Àmọ́ níbi kan, ohùn náà ń mì lọ mì bọ̀, torí àwo náà kò nà tán. Ojú tì mí. Màmá mi nu omijé, ó ní kí n tún gbé e sí i.

Mo ti máa ń rò pé a ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ kí ó lè padà sí bó ṣe wà ni. Ní báyìí, bí màmá mi bá ń se ọbẹ̀, orin yẹn ló ń kọ. Bó bá dé ibi tí mo bà jẹ́, á mọ̀ọ́mọ̀ mi ohùn tirẹ̀ náà, á wojú mi, á sì rẹ́rìn-ín.