Olè Tí A Fi Sẹ́yìn

Iná ló pa gbogbo wa lẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ilẹ̀kùn wò sì dúró sẹ́yìn wa, kò ṣe nǹkan kan. Òun náà jóná. Obìnrin tó ń darí eré wa gbé ojú sókè, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Olè yín ńkọ́?"

Àbúrò bàbá mi ni olè wa. Àlàájì ni, ó sì ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún yìí ni, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Àwa márùn-ún la máa ń pàdé níbẹ̀: èmi, àbúrò bàbá mi, atúnfóònùṣe yẹn, nọ́ọ̀sì kan, àti adarí eré, tíṣà tó ń wọkọ̀ wá láti Ayépé.

Ìdí tábìlì la ti ń ṣe eré náà. Adarí ló ń sọ ìtàn, àwa ń sọ ohun tí a ṣe nínú rẹ̀, dáìsì, bíi ti lúdò, ló sì ń pinnu bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Kálukú ló mú iṣẹ́ tirẹ̀. Jagunjagun ni nọ́ọ̀sì mú. Ó ní láti ọjọ́ Ajé ni òun ti ń di ojú ọgbẹ́, ẹ jẹ́ kí òun náà dá díẹ̀ sí èèyàn lára. Atúnfóònùṣe ń pidán. Oníṣègùn ni mí. Olè kì í jagun, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì le. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa yọ́ lọ síwájú, kó rí pàkúté tí wọ́n dẹ sílẹ̀ kí àwọn tó kù tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Ọjọ́ tí àbúrò bàbá mi mú iṣẹ́ yìí, atúnfóònùṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlàájì, ẹ ti lọ Mẹ́kà bọ̀ tán kẹ́ ẹ tó wá di olè?"

Ó dá a lóhùn pé, "Látìgbà tí mo ti ń tajà ni mo ti ń ṣọ́ olè. Ẹ jẹ́ n wo bó ṣe ń rí lápá ọ̀dọ̀ wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe dùn mọ́ àwọn tó kù lọ. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti di ẹni tó ń dáhùn kìkì ìkíni. Àwọn ọmọ rẹ̀ á pè láti Èkó, á ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì dá fóònù padà fún mi. Ìdí tábìlì yẹn nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀ títí tí ọ̀rọ̀ fi ń tán.

Lẹ́yìn iná náà, atúnfóònùṣe ní òun máa sọ òótọ́. Ó ní olè kò wúlò fún wa, ẹrù lásán la ń gbé kiri. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà ní Odògbolú tó ti ń bẹ òun pé òun fẹ́ wá ta ọfà fún wa, kò sì sí àga fún un. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù atúnfóònùṣe la ti ń ṣeré, a kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Adarí wá gé e sí méjì. Ó ní ká ka iná yẹn sí àlá. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, a ó jí níwájú ilé kan náà, ṣùgbọ́n òun yóò pààrọ̀ ibi tí ewu wà. Bí olè kò bá tún ṣe nǹkan kan, kí Bàbá mú iṣẹ́ mìíràn, tàbí kí wọ́n fi àga sílẹ̀ fún ẹni Odògbolú.

Àbúrò bàbá mi dé fìlà rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ olè, èmi náà lẹ ò fẹ́ yẹn."

Inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá la wà nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò lè mú òmíràn. Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ní olè yẹn ń gun ògiri, ó ń rìn láìpariwo ẹsẹ̀, òun kò sì lè rìn bẹ́ẹ̀ mọ́ níbòmíràn. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ṣé wọ́n á lé mi ni?" Mo ní rárá. N kò mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìdajì oúnjẹ ló ń fi sílẹ̀ nínú abọ́. Bí mo bá kí i, á jẹ́ mi, á sì wolẹ̀. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé bí tábìlì yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò ní ibòmíràn tí mo lè mú un lọ.

Oníròyìn ni mí. Bí ara mi kò bá balẹ̀, ìbéèrè ni mo máa ń bi èèyàn. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì lẹ́nu iṣẹ́, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún olè pé kó yẹ ilẹ̀kùn wò. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbádùn. "Èmi? Kí n sọ fún bàbá tó tó bí mi lọ́mọ pé kó lọ síwájú kí iná jó o? Ta ló kọ́ mi nílé?"

Atúnfóònùṣe ní òun rò pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kàn jókòó ni. Mo padà wá bi àbúrò bàbá mi. Ó ní, "Wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn. Ṣé kí n wá máa ti àwọn ọmọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú eré wọn ni?"

Òótọ́ sì ni. Gbogbo ibi tí a bá ti wọ̀ nínú ìtàn náà la ti ń ní, "Bàbá, ẹ rọra, ẹ jẹ́ ká bá yín wò ó." Ẹṣin kan ṣoṣo tí a rí, Bàbá la gbé gùn ún. A kì í rán àgbà níṣẹ́, iṣẹ́ tó mú sì ni èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ rán an. Mo pe adarí, mo ro ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó kọ òfin eré náà kò ronú kan èyí, òun kò sì ní bá wa sọ ọ́ níbi tábìlì. Kí àwa fúnra wa wá ọ̀nà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àyìlà ọ̀sán, a dé iwájú ilẹ̀kùn. Adarí ní, "Kí lẹ ṣe?" Atúnfóònùṣe ń wo aago ara ògiri. Èmi náà ń wá ohùn tí ọmọ lè fi sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, n kò rí i.

Nọ́ọ̀sì ló ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, tó kúnlẹ̀. "Bàbá, a ò rán yín o. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ẹ bá wa yẹ ilẹ̀kùn yìí wò."

Àbúrò bàbá mi mú dáìsì. Ó ní, "Ó ti tó, dìde. Kí gbogbo yín sún jìnnà sẹ́yìn, títí dé ìdí igi tó wà lọ́hùn-ún."

Dáìsì dára. Adarí ní olè rí okùn pàkúté tín-ín-rín kan lókè ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti wọlé, àbúrò bàbá mi ní òun máa gé e. Ó tún ta dáìsì. Kò dára.

Adarí bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí a wà. Ìdí igi ni gbogbo wa wà, níbi tí Bàbá ní ká wà. Ó ní iná bú jáde, kò dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Olè nìkan ni iná náà jó. Ó wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì kú, kò sì mí dáadáa.

Mo ní mo sáré lọ tọ́jú rẹ̀. Adarí ní ọjọ́ ti ń lọ, ọkọ̀ Ayépé kò ní dúró de òun. Atúnfóònùṣe kò wo aago mọ́. Ó rọra ní, "Àlàájì, àwa là bá wà níbẹ̀ o."

Àbúrò bàbá mi kọjú sí adarí. Ó ní, "Tó bá wá kú ńkọ́?"

Adarí ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, olè ni yóò kọ́kọ́ ta dáìsì, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun. Bó bá yè é, oníṣègùn á tọ́jú rẹ̀, yóò sì ṣíwájú wa wọlé. Bí kò bá yè é, Bàbá yóò mú olè mìíràn. Àga Bàbá kò sí lára ohun tí à ń fi dáìsì pinnu. Ní ti ẹni Odògbolú, ó lè máa bọ̀, àmọ́ kó gbé àga dání láti ilé.