Ìgò Ẹ̀wà Méjìlá

Títí dòní, bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, ohùn ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń gbọ́: "Kọ́kọ́ kà á ná." Kò sí ohun tí kì í kà nígbà tá a jọ ń gbé yàrá l'Ádó. Òun ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì nílé wọn. Ìgò ẹ̀wà méjìlá ló fi ń ṣe ìwádìí: ó da kòkòrò sí gbogbo wọn, ó da ata gbígbẹ sí mẹ́fà, ó sì ń ka kòkòrò tó bá kú. Olùkọ́ rẹ̀ ní bí iṣẹ́ náà bá yọrí, òun á mú un fún másítà.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì dé, ó kó àwọn ìgò náà lọ sílé ní Ìjàn. Lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì ti Fájuyì l'Ádó dé, a bá ìyá rẹ̀ nídìí atẹ, ìgò méjèèjìlá ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Mo ti bá ọ ṣà á, ọmọ mi. Kòkòrò ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ ṣé, Màámi."

Nígbà tí màmá sè é tán, ọ̀rẹ́ mi jẹ ẹ̀wà náà, ó fọ àwo. Kò ka nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Kó tó tún ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ ti mú ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ ohun tó fà á fún ìyá rẹ̀ rí. Bí màmá bá rí mi, wọ́n á bi mí pé, "Kí ni wọ́n rí lára ọmọ mi tí wọn ò fi mú un?" Mo máa ń ní mi ò mọ̀. Wọ́n á wá bu ẹ̀wà fún mi, èyí tí wọ́n ti ṣà mọ́ tónítóní.